Búrẹ́dì Márùn-ún láti Oríta Kàbà

Bí ọkọ̀ bá ti dé Kàbà, tí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì,
wọn á sáré bò wá, àwọn ọmọ tó ru búrẹ́dì,
wọn á nà án gba ojú fèrèsé
bí ẹni ń na ọmọ tuntun sí bàbá rẹ̀.
Márùn-ún ni mo máa ń rà. Ọdún mọ́kànlá, márùn-ún.
Mo máa ń fún un wò nínú ọ̀rá: ó rọ̀,
á wó sínú ara rẹ̀ bí òpùrọ́ tí a ká mọ́,
bí mo bá sì yọwọ́, á wú padà,
kò rántí pé ẹnikẹ́ni di òun mú rí.

Ta ló ń ti Àbújá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìsánlú
tí yóò ju apá méjèèjì lófìfo wọlé?
Búrẹ́dì ni lẹ́tà tí mi ò ráyè kọ,
búrẹ́dì ni "ẹ má bínú, mi ò lè wá ní Kérésì".
Fèyíṣará ìyá mi á fọwọ́ méjèèjì gbà á:
"Ọ̀kun o, Bọ́sẹ̀dé. O ò tún gbàgbé mi."
Tíì gbígbóná, ṣúgà oníhóró mẹ́rin,
àárọ̀ búrẹ́dì, alẹ́ búrẹ́dì.
Eyín ti ń mì, ọmọ odó ti wúwo jù,
ta ni yóò tún gúnyán fún ẹnu kan ṣoṣo?

Mo rántí obìnrin yìí kan náà nídìí ọlọ,
tó ń lọ ọkà bàbà tòun tèèpo.
Ẹ̀kọ rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ ọ̀nà Mópà lẹ́yìn òjò,
ó ń ha ọ̀fun díẹ̀, ó sì ń dúró nínú
láti ìdájí títí oòrùn fi yẹ àtàrí lóko.
Búrẹ́dì ńkọ́? Kó tó di agogo mẹ́wàá
ikùn á ti máa ké
bí àlejò tí kò rántí pé wọ́n ti fún òun lóúnjẹ.

Lóṣù Ẹrẹ́nà ló fẹsẹ̀ kọ kùkùté.
Egbò kékeré. Kò san.
Ó fi ewé sí i. Kò san.
Ní ọsibítù Ẹ̀gbẹ̀ wọ́n gún un níka,
ẹ̀jẹ̀ kán ẹ̀kán kan, nọ́ńbà yọ lójú ẹ̀rọ,
Nọ́ọ̀sì Ọbájẹmú wò mí, kò wo ìyá mi:
"Kí ni màmá máa ń jẹ láàárọ̀?"

Ó ní kì í ṣe búrẹ́dì nìkan,
ogbó wà níbẹ̀, ìdílé wà níbẹ̀, ìjókòó sójú kan wà níbẹ̀.
Àmọ́ àlìkámà tí wọ́n bó,
tí wọ́n yọ èèpo, tí wọ́n yọ ojú tó fi ń hù,
ó ní kò jìnnà sí ṣúgà tó wọ aṣọ funfun:
kò kan ilẹ̀kùn, ó ti dé inú ẹ̀jẹ̀.
"Èèpo yẹn dà?" ni ìyá mi bi í.
"Wọ́n ń kó o fún àwọn tó ń sin adìẹ, màmá."
Ìyá mi ro ó wò.
"Abájọ tí adìẹ fi ń sanra."
A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló tó sọ fún mi
pé búrẹ́dì ò dùn mọ́ òun rí,
pé bí òwú ló ń rí lẹ́nu òun.
"Kí ló dé tí ẹ wá ń jẹ ẹ́?"
"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo rà á?"

Ní báyìí, bí a bá dé Kàbà, mo máa ń mi orí.
Ọmọkùnrin kan á ṣì tẹ tirẹ̀ mọ́ gíláàsì,
títí ọkọ̀ á fi ṣí, òórùn rẹ̀ á ti wọlé,
ó dáa, mi ò ní purọ́, òórùn yẹn dáa.
Bàtà tó fẹ̀ níwájú ni mo gbé lé itan fún ẹsẹ̀ tó ń san díẹ̀díẹ̀,
ọwọ́ mi kejì kò mọ ohun tí yóò dì mú.

Ní ìdájí mo kúnlẹ̀ sídìí ọlọ rẹ̀.
Èjìká ń ro mí. Ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀,
ó fi ìka tọ́ ọkà tí mo lọ̀ wò,
ó ní mo lọ̀ ọ́ kúnná jù.