Ojú-Ìwé Tó Kẹ́yìn

Ẹ̀wà ń jóná lórí sítóòfù ní Aké,
àwa méjèèjì ò gbóòórùn.
Ìbídùnní ṣì jókòó sí ibùdó réluwé Láfẹnwá,
ọ̀ọ́dúnrún ojú-ìwé,
Ṣówándé ò tíì dé.

Àfi gbà-á:
"Ó tají. Àlá ni."

Mi ò kà á sókè.
Mo yẹ ẹ̀yìn ìwé wò bóyá wọ́n fa nǹkan ya.
Orúkọ atẹ̀wé nìkan.
Àlá kẹ̀?
Èmi fi òru mẹ́rin ṣàìsùn
kí ẹlòmíì lè wá jí?

Ìyá àgbà yíjú fífọ́ wọn sí mi:
"Ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Ó ti sọ̀kalẹ̀, mà.
Òjò pa á. Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀ pé á wá."
Wọ́n mí kanlẹ̀.
"Kí ló ń jóná yẹn?"