Mí

Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ti géètì mọ́ wa lójú.
Oòrùn ti pa jù, òkè kò ṣeé gùn mọ́ lónìí,
ni ọmọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wí,
ó ń fi fìlà rẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.
Mo wo òkè. Àwọn òpó funfun dúró síbẹ̀
bí eyín àgbàlagbà tí kò tíì ká tán.
Owó àjọ ọdún méjì ni mo fi wá wò wọ́n.
Mo yí padà. Orúnkún mi dúpẹ́.

Ìsàlẹ̀ ni mo bá lọ, lẹ́yìn odi ìlú,
níbi tí àwọn ará Áténì àtijọ́ ń sin òkú wọn sí.
Koríko ti gbẹ. Kòkòrò ń han nínú igi ólífì
bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí a kò fi epo sí láti èṣí.
Ahun kan ń kọjá láàrin ibojì,
kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò kí ẹnikẹ́ni,
ó ń lọ bí onílé tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.

Inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tutù bí inú àmù.
Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta,
ó jókòó, ó ń mú ẹ̀gbà jáde nínú àpótí
tí ọmọbìnrin kan gbé dúró níwájú rẹ̀.
Ọ̀dà ni wọ́n fi kun ẹ̀gbà náà nígbà yẹn; ọ̀dà ti ṣí.
Ìka méjì ló kù, wọ́n di òfìfo mú.

Aránṣọ ni mí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n
ni mo ti fi ń gé aṣọ fún ìyàwó, fún òkú, fún ọmọ iléèwé.
Mi ò mọ ìtàn. Mo mọ bí aṣọ ṣe ń ṣàn lára ènìyàn.
Ẹni tó gbẹ́ òkúta yìí mọ̀ ọ́n pẹ̀lú:
ó jẹ́ kí aṣọ wálẹ̀ láti orúnkún ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po,
kò gbàgbé ibi tí ìjókòó ti fún un pọ̀.
Ọwọ́ mi ti jáde kí n tó mọ̀.
Mo ń wá ibi tí wọ́n gbé rán an.

“Mí!” ni ohùn kan ké lẹ́yìn mi. “Mí! Mí!”

Mo dúró. Mo mí.
Èémí tó ti há sí mi láyà láti pápákọ̀ òfurufú,
bóyá láti ìgbà tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ,
jáde wọ̀ọ̀.

Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti sáré dé,
ààbọ̀ èso písì lọ́wọ́ rẹ̀, omi rẹ̀ ń kán.
Polyxeni lorúkọ rẹ̀. Nínú èdè tirẹ̀,
“má fọwọ́ kàn án” ni ó ń wí.
Mo ṣàlàyé tèmi: mo na ìka sí imú,
mo jẹ́ kí àyà mi gòkè, kí ó wálẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ̀yìn ti ògiri,
ó wá mí fún mi lẹ́ẹ̀kan, tọkàntọkàn,
bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ yege.

Ó ka ohun tí wọ́n kọ sókè fún mi,
orúkọ obìnrin tó jókòó, orúkọ baba rẹ̀.
Mo ní, ọmọ tó gbé àpótí ńkọ́?
Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó pòṣé kékeré.
Ìbínú kọ́ o: bí wọ́n ṣe ń sọ pé “rárá” níbẹ̀ nìyẹn.

Aṣọ ọmọ náà gùn, apá rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.
Ó bá a mu. Kì í ṣe aṣọ àgbàwọ̀.
Ẹnìkan ti fi okùn wọ̀n ọ́n rí.

Ọmọ iṣẹ́ mọ́kàndínlógún ló ti gba ọwọ́ mi kọjá.
Orúkọ tèmi nìkan ló wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù.
Mo jókòó síta lábẹ́ igi, mo ń ka tiwọn,
mo dé orí ìkọkànlá, mo dúró.
Èyí tó máa ń fi ètè di abẹ́rẹ́ mú ńkọ́,
tó máa ń kọrin láìlanu?
Mo rí ètè. Mo rí abẹ́rẹ́.

Ahun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí òjìji parí sí.