Ọ̀fun Àdúgbò

Òru Jímọ̀, ní Pápá, Ẹ̀pẹ́,
òjò dé láti orí ọ̀sà, kò kan ilẹ̀kùn.
Mo sùn. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ jí.
Mo nà án sílẹ̀ láti wá bàtà,
omi ni mo wọ̀.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.
Àwa da ọ̀rá síwájú,
inú iyàrá la ti tẹ omi.

Ìkòkò ń léfòó. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró nínú omi
bí àgùntàn tí wọ́n gbàgbé síta.
Ìwé Kúburá, èyí tó fi ń múra ìdánwò,
ń rìn káàkiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
lẹ́tà inú rẹ̀ ń yọ́ bíi ṣúgà.
Lójúde, Alhaja Ṣùwébátù ń ké:
"Ta ló jókòó sójú ọ̀nà omi?"
Kò sẹ́ni tó dáhùn.
Gbogbo wa la gbé tọ́ọ̀ṣì,
gbogbo wa là ń tàn án sílé ẹlòmíràn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Mùdàṣírù ọmọ apẹja
gbé ṣọ́bìrì, ó ká ṣòkòtò sókè,
ó sọ̀ sínú gọ́tà
bí ẹni fẹ́ yọ egungun ẹja lọ́fun ọmọdé.
A tò sẹ́bàá, à ń wò.
Ó fa ọ̀rá omi mímu, a kà á, a kà á tì.
Ó fa pámpásì tó mumi yó,
tó wúwo bí ọmọ tó lò ó.
Ìyàwó Rẹ̀mílẹ́kún wo ojú ọ̀run.
Ó fa háhá àgbàdo, ike òróró, ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo.
Bàbá Òṣífẹ̀sọ̀ tó ti ń bú ìjọba láti ìdájí
rí bàtà náà, ó dákẹ́:
lọ́dún tó kọjá, ajá ló ní ó gbé e lọ.

Gọ́tà kì í gbàgbé.
Ohun tá a bá fi òru fún un,
ọ̀sán gangan ló fi ń dá a padà.

Èmi náà dúró, mo ká apá láyà,
ojú mi le bíi ti ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.
Ni ṣọ́bìrì bá gbé nǹkan gígùn kan,
ó lọ́ mọ́ra, ó dúdú, ó ń kán tó-tó.
Mùdàṣírù bu omi sí i:
ẹyẹ pupa lórí aṣọ aláwọ̀ ewé.
Mo mọ ẹyẹ yẹn.
Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́rùn
lọ́jọ́ tí mò ń rán bùbá Alhaja.
Àjákù oṣù mẹ́ta ló tẹ̀ lé e,
tèmi, tèmi, tèmi,
èyí tí mo máa ń gbá sí gọ́tà tójò bá ti ṣú,
tí màá ní, "Omi á gbé e lọ."
Níbo? Mi ò bi ara mi rí.
Bóyá sọ́dọ̀ ọ̀bọ̀kún nísàlẹ̀ ọ̀sà,
bóyá sínú àwọ̀n bàbá ọmọ yìí,
tó ní ọ̀rá lòun ń pa báyìí, òun ò pẹja mọ́.

Ọmọ náà wò mí. Kò pariwo.
Ó fún aṣọ náà, ó ká a ní mẹ́rin,
ó fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni dá ṣéńjì padà.

N ò ní parọ́ pé mo ti di ẹni mímọ́.
Mo ra garawa onídèérí.
Kúburá ń kó èèpo iṣu fún ewúrẹ́,
ó ya ike sọ́tọ̀, ó ya ọ̀rá sọ́tọ̀,
ó ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá.
Ọkọ̀ akólẹ̀ a máa dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀;
nígbà mìíràn, kì í dé,
garawa a máa rùn, ọwọ́ a máa yún mi,
gọ́tà sì wà nítòsí, ó lanu sílẹ̀.

Lálẹ́ àná, òjò tún rọ̀.
Mo jí, mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Gbígbẹ.
Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ omi níta,
ó ń lọ sọ́nà ọ̀sà, ó ń sọ̀rọ̀ geere
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ egungun lọ́fun rẹ̀.
Ẹyẹ pupa náà wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.
Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Òórùn yẹn ò tíì tán.