Okùn Keje

Ní Ìjọ̀kà, l'Ákùrẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan,
Bàbá bu omi yọnu, omi gba ẹ̀gbẹ́ ètè jáde.
Ó wo dígí. Ìdajì ojú rẹ̀ ti sùn lọ,
ìdajì kejì ń bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ará ilé ní afẹ́fẹ́ burúkú ló gbá a létí.
Mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, a gba Òkè Àró kọjá,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì kí eruku má kó sí i,
torí ìpéǹpéjú ọ̀hún kọ̀, kò padé.

Dókítà Olúwatúyì kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́.
Ó ní: "Okùn méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì,
inú agbárí ni gbogbo wọn ti ń bọ̀.
Òmíràn ń kó ìròyìn wọlé, òmíràn ń jẹ́ iṣẹ́ jáde,
òmíràn ń ṣe méjèèjì, bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà
tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà bọ̀."

Ó gbé ìgò kékeré sí i nímú.
"Kọfí ni. Ó sì ti pẹ́ nínú ìgò."
Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi wọn kòkó l'Óǹdó;
imú ló fi ń mọ àpò tí òjò ti pa.

Ojú rẹ̀ tẹ̀lé ìka dókítà sókè, sódò, orí kò yí.
Iná tọ́ọ̀ṣì wọlé, ọmọlójú kó ara jọ
bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.
Òwú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì: "Mo mọ̀ ọ́n lára."
Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kò lè mira
ṣì mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án.
Ó di eyín, ó gbé èjìká, ó yọ ahọ́n, ahọ́n tọ́.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Bàbá."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Iyọ̀ díẹ̀ létí ahọ́n, lápá òsì:
"Ṣé yẹ̀pẹ̀ nìyí?"
Dókítà fi bíírò fa ìlà kan:
"Ìkeje nìkan ni. Ó wú nínú ihò eegun lẹ́yìn etí.
Àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́."

Lóru, ojú kan ń sùn, ojú kan ń ṣọ́ ilé,
títí mo fi fi plásítà lẹ̀ ẹ́ pa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó fẹ́ súfèé pe Tanímọ̀la, ajá wa.
Ètè kó jọ díẹ̀, ó tú.
Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, kò dún.
Ajá gbé etí kan sókè,
ó dìde, ó ń bọ̀.