Ẹsẹ Keje

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, Fọlọ́runṣọ́.
Rọra kà á, òfì mi kò ní sá lọ.
Ìwé aláwọ̀ ewé, ojú méjì, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà,
ọ̀gá ilé-ìwé yín ló ní kí o mú un wá fún mi
nítorí ìyá rẹ wà l'Ábújá,
bàbá rẹ sì wà níbi tí ó wà.

O ní wọn yóò kó yín lọ sí Mọ̀pà fún ọjọ́ méje,
ogójì ọmọ lábẹ́ òrùlé kan,
ẹ óò so okùn mọ́ ìbàdí gun àpáta,
ẹ óò dáná fúnra yín,
ẹ óò lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ fún mi.
Láti Ògìdì níbí dé Kábà, kí ẹ gba Ayétòrò kọjá!
Èmi tí àpáta ti ń wò lójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi,
n kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbowó
kí ó tó jẹ́ kí ọmọ gun ún.

Ẹsẹ kìíní: kí a san ìdajì kí oṣù yìí tó parí.
Ó dáa. Owó kíjìpá ìyàwó Mẹ́jàbí wà nínú agolo.
Ẹsẹ kejì: bí ọmọ kò bá lọ mọ́, owó kò ní padà.
Kò burú. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń wí fún àwọn oníbàárà mi:
owó tó ti di òwú, òwú ni.
Ẹsẹ kẹta: aṣọ ìbora, bàtà méjì, tọ́ọ̀ṣì,
kò gbọdọ̀ sí fóònù.
Ẹsẹ kẹrin ń béèrè bóyá o máa ń tọ̀ sórí ẹní.
Má wolẹ̀. Kọ "rárá" síbẹ̀.
Ti ìjọ́sí yẹn, ibà ló fà á, ibà kì í ṣe ìwà.
Ẹsẹ karùn-ún: wọ́n lè gbé ọ lọ sílé ìwòsàn láìbi mí.
Kí wọ́n gbé ọ lọ kíákíá.
Ta ló ń gbàyè nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà?
Ẹsẹ kẹfà: ohun tó bá sọnù, kì í ṣe ẹjọ́ wọn.
Ẹsẹ kẹjọ: aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé, kí a wá mú ọ...

Dúró.

Ogójì ọdún ni mo ti fi jókòó ti òfì.
Bí fọ́nrán kan bá fò, ìka mi ló ń kọ́kọ́ gbọ́,
ojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i.
A kì í ti orí ẹ̀fà bọ́ sórí ẹ̀jọ.
Èje dà?

O ń họrí.
O ń wo ewúrẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan.
Kà á.

"Ọmọ tó bá jà, tó bá purọ́,
tàbí tó jáde nínú ibùdó lóru,
ọjọ́ náà gan-an ni a ó dá a padà sílé.
Alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò san owó ọkọ̀."

Ẹ̀n-ẹ́n.
Torí eyín ọmọ Métìbọ́ba tí o yọ níbi bọ́ọ̀lù,
o rò pé bí mo bá gbọ́ èyí, n kò ní tẹ̀ka.
Ọmọ mi, ẹsẹ yìí ni mo ti ń retí látòkè.
Ẹni tó kọ̀wé ọmọdé tí kò dárúkọ ìjà,
kò tíì tọ́ ọmọ rí.
Àwọn wọ̀nyí ti rí ọmọ.

Gbé yíńkì wá,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé aró ti wà ní àtàǹpàkò mi tẹ́lẹ̀.
Àmọ́ kọ tèmi sísàlẹ̀, kí ó hàn:

Òkun o, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọmọ lọ.
Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ rẹ̀,
ṣùgbọ́n ẹ má fi Ọlọ́run nìkan ṣọ́ ọ,
ẹ̀yin lẹ gbowó.
Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká.
Bí ó bá jà, ẹ bi í léèrè kí ló dé
kí ẹ tó wá ọkọ̀.
Owó ọkọ̀ náà wà lọ́tọ̀ nísàlẹ̀ agolo.
N kò fẹ́ ná an.

Ó yá, kà á fún mi látòkè.
Má fo nǹkan kan.