Mo Tẹ Bẹ́ẹ̀ni

Ọ̀fẹ́ ni mo ń wá. Mo fẹ́ fi ya ìwé ìsìnkú
ìyá Ṣódípẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Ó béèrè: ṣé kí n wọlé?
Mo tẹ bẹ́ẹ̀ni. Ó tún béèrè. Mo tún tẹ̀ ẹ́
bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Aago méjì òru, fáànù kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí ẹni gun òkè,
èmi ò sì rán an níṣẹ́.

Tìámíyù ò bú mi. Ó kọ́kọ́ yọ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì:
"Kó má ráyè pe ẹgbẹ́ ẹ̀."
Ó pa ọ̀kan, òmíràn yọrí,
ó fi orúkọ ọmọlúàbí bojú.
Nígbẹ̀yìn ó ní ká nu gbogbo rẹ̀ kúrò.
Àwòrán ìyá náà ńkọ́?
Ó wà lórí fóònù ọmọọmọ wọn. Ọpẹ́ ni.

Ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú ti ń ké.
Kọ̀ǹpútà mi mọ́ tónítóní, kò rántí nǹkan kan.
Mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́.
Ògiri mi ò lanu o.
Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn,
tí mo ní, ẹ káàbọ̀.