Ẹrù Ìrìnàjò Tí A Ò Lọ

Mo ti bá ọ jà nítorí ẹyin, Fátúyì
(ọmọ kíláàsì kan náà ni wá, mi ò lè pè ọ́ ní bàbá),
mo ti tú àpò ṣòkòtò rẹ wò bí ọlọ́pàá,
mo ní níbo lo ti ń jẹ ẹran tí mi ò sè.
Ọdún méjì gbáko, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ,
epo tí mo ń fi ṣíbí ìmutíì wọ̀n bí oògùn,
iyán pàápàá, ní Ùsì tiwa níbí,
mo ń bù ú fún ọ bí ẹni ń bù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.
Síbẹ̀ ìwé àyẹ̀wò tún dé láti Ìdó:
ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ tún ń gòkè
bí ọkọ̀ tó forí lé òkè Ẹ̀fọ̀n.

Dókítà Ọ̀ṣúntóyìnbó ò bèèrè ẹyin.
Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń sùn?"
O wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn:
kò sùn o. Aago mẹ́ta òru, ó ti ń ka páànù àjà.
Fáìlì owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà l'Adó,
ọdún keje rèé tí tábìlì kan ń tì í sí òmíràn.

Dókítà ya kíndìnrín méjì sẹ́yìn ìwé oògùn,
ó dé wọn ní fìlà kéékèèké.
Ó ní bí ọpọlọ bá ké "Ẹkùn!",
fìlà yìí á tú omi ìpayà sínú ẹ̀jẹ̀,
omi á lọ kan ilẹ̀kùn àká ọ̀rá:
ẹ dìde, ẹ kó oúnjẹ sọ́nà, onílé fẹ́ sáré!
Ọ̀rá á tú jáde, ẹ̀dọ̀ á gbà á, á tún un dì,
á tún un rán padà sójú ọ̀nà.
Bí onílé bá sáré lóòótọ́, ẹsẹ̀ á jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n ìwọ ò sáré.
O jókòó lórí àga rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, ò ń retí ìpè,
ẹkùn rẹ wà nínú fáìlì,
kò bù ọ́ jẹ, kò sì lọ.
Lálaalẹ́ ni ara ń di ẹrù ìrìnàjò,
ilẹ̀ á mọ́, a ò lọ ibì kankan,
ẹrù ń gorí ẹrù lójú ọ̀nà tóóró.

"Ẹ má fi oògùn sílẹ̀," ni dókítà wí, "ẹ ṣọ́ epo náà.
Àmọ́ ẹnu nìkan kọ́ ni ọ̀rá ń gbà wọlé."

Mo dákẹ́. Mo rántí ariwo mi nílé ìdáná,
ìwọ àti àwo rẹ, o ò gbójú sókè.
Ta ló mọ iye ẹkùn tí èmi náà tú sílẹ̀ nínú ilé yẹn?

Nígbà tí a ń bọ̀, mo ní kí ọlọ́kadà já wa sílẹ̀
níbi oko kòkó àwọn Jẹ́jẹ́lóyè.
O ní kí ló dé. Mo ní ká gbé ẹrù yẹn rìn díẹ̀.
O rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan, láti imú.
Fáìlì ṣì wà l'Adó. Orúnkún òsì ṣì ń dùn ọ́.
A rìn títí a fi rí páànù ulé wa.